Ìkòkò, Idẹ àti Irin: Ìbéèrè Tí Àwọn Ará Ilé Ń Bi Mí Nípa Iṣẹ́ Ìwádìí Mi

Bí mo bá wálé sí Ìjẹ̀bú-Igbó fún Iléyá, tí Ojúde Ọba sì ti kọjá tán ní Òde, ìbéèrè ló máa ń kún ilé wa. Àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe JAMB ń bi mí, àwọn ìyá oníngàrí ń bi mí, ẹni tó ń kọ́lé lọ́wọ́ náà ń bi mí. Ó ti lé ní ogún ọdún tí mo ti ń ṣe ìwádìí lórí amọ̀ líle àti àdàlù irin, mo sì rí i pé ìbéèrè kan náà ló ń padà wá. Mo kọ ìdáhùn wọn síbí kí ẹni tí kò bá mi nílé lè rí i kà. Gbogbo nọ́ńbà tí mo bá fi sọ bí iná ṣe gbóná tó, dígírì Celsius ni.

Iṣẹ́ wo lẹ ń ṣe gan-an?

Mo ń wá ohun tó ń mú nǹkan fọ́, ohun tó ń mú un tẹ̀, ohun tó ń mú un jẹrà, àti ohun tí a lè ṣe tí kò fi ní tètè rí bẹ́ẹ̀. Oríṣi ohun èlò méjì ni mo gbájú mọ́. Àkọ́kọ́ ni sèrámíìkì: erùpẹ̀ tàbí òkúta lílọ̀ tí iná sọ di líle. Ìkòkò ọbẹ̀ wà níbẹ̀, bíríkì wà níbẹ̀, àwo tánganran wà níbẹ̀, ibi funfun tó wà lára púlọ́ọ̀gì ọkọ̀ náà wà níbẹ̀. Alumina, ìyẹn àlùmíníọ̀mù tó so pọ̀ mọ́ ọ́síjìn, ni wọ́n fi ṣe é. Èkejì ni àdàlù irin, tí wọ́n ń pè ní álọ́ọ̀yì. Bàbà àti síńkì ló di idẹ. Irin àti káríbọ̀nù díẹ̀ tí kò tó ìdá 2 nínú 100 ló di irin líle tí wọ́n fi ń ṣe rọ́ọ̀dù, ìṣó àti ọkọ́.

Ṣé dókítà ni yín? Orúnkún ń dùn mí.

Dókítà ìwé ni mo jẹ́, n kò ní egbòogi kankan. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ lọ sí ọsibítù. Àmọ́ bí wọ́n bá sọ fún yín níbẹ̀ pé wọ́n fẹ́ pààrọ̀ eegun ìbàdí, ẹ lè padà wá bá mi sọ̀rọ̀, nítorí iṣẹ́ wa ló wà nínú ohun tí wọ́n máa fi síbẹ̀. Láti 1970 ni oníṣègùn kan ní Faransé ti ń fi alumina ṣe orí eegun ìbàdí. Títáníọ́ọ̀mù ni wọ́n sábà máa ń fi ṣe ọ̀pá tó wọ inú eegun itan, torí pé ara kì í kọ̀ ọ́.

Báwo lẹ ṣe dé ìdí iṣẹ́ yìí?

Ẹbu ìyá àgbà mi ni mo ti bẹ̀rẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé n kò mọ̀ nígbà náà. Amọ̀kòkò ni wọ́n. Bí amọ̀ bá ti dé láti etí odò, wọn kì í bẹ̀rẹ̀ sí í mọ ọ́n títí wọ́n á fi gún àpáàdì. Ìkòkò tó fọ́ lójú iná, èyí tó fọ́ lọ́nà ọjà, èyí tí ewúrẹ́ tì ṣubú, gbogbo rẹ̀ ni wọ́n ń kó sínú odó. Wọ́n á gún un títí á fi dà bíi gàrí tí kò kúnná, èmi á jọ̀ ọ́, wọ́n á wá pò ó mọ́ amọ̀ tuntun. Eruku pupa á bo irun mi àti ìpéǹpéjú mi.

Lọ́jọ́ kan mo bi wọ́n pé kí ló dé tí a fi ń da ohun tó ti fọ́ mọ́ amọ̀ tó dára. Wọ́n ní, “Èyí tó ti rí iná rí ni yóò bá èyí tí kò rí i rí sọ̀rọ̀.”

Ọdún kẹta mi ní yunifásítì ni mo tó mọ ohun tí wọ́n ń sọ. Bí omi bá ń kúrò lára amọ̀, amọ̀ á sún kì, bó bá sì sún kì jù, á là. Àpáàdì ti sún kì tirẹ̀ tán nínú iná àkọ́kọ́, kò tún ní sún mọ́. Ó ń di amọ̀ tuntun mú kó má baà fà jù, ó sì ń ṣínà fún ooru omi láti jáde. Mo kà á nínú ìwé ní yàrá ìkàwé, mo sì dìde jáde síta láti lọ mí èémí. Ìyá àgbà ti kú nígbà náà.

Kí ló wá ń fọ́ ìkòkò nínú iná?

Ohun mẹ́ta ni mo máa ń sọ fún àwọn ọmọ. Omi lásán tó kù nínú amọ̀ á di ooru ní 100. Bí iná bá yá jù, ooru yẹn á wá ọ̀nà àbáyọ, ìkòkò á bú. Láàárín 450 sí 600, omi mìíràn tún wà tí ojú kò rí, èyí tó so mọ́ ara amọ̀ fúnra rẹ̀. Òun náà á jáde. Ìgbà tí iná bá sì dé 573, yanrìn tó wà nínú amọ̀ á yí bí ara rẹ̀ ṣe tò padà, á sì wú lójijì. Bí ẹ bá ṣí ìkòkò sílẹ̀ kó tutù kíákíá, yanrìn yẹn á tún sún kì lójijì, ibẹ̀ ni ẹ ti máa gbọ́ “kẹ́ń!” Ìdí nìyẹn tí àwọn amọ̀kòkò fi máa ń fi èéfín yọ́ ìkòkò lára kí wọ́n tó kó igi gidi jọ lé e lórí, tí wọn kì í sì jẹ́ kí ọmọdé fọwọ́ kan eérú títí ilẹ̀ á fi mọ́.

Àmọ́ ìdáhùn tó jinlẹ̀ jù wà nínú òwe wa: bí ògiri ò bá lanu, aláǹgbá ò lè ráyè wọ̀ ọ́. Ní 1920, ará Gẹ̀ẹ́sì kan tó ń jẹ́ A. A. Griffith fa gíláàsì bí okùn, ó sì ń fi agbára já a. Ó rí i pé bí okùn gíláàsì bá ṣe tín-ín-rín tó ni agbára rẹ̀ ń pọ̀ tó, bí a bá fi wé bó ṣe nípọn tó. Ìdí ni pé okùn tín-ín-rín kò lè gbé ẹnu tó tóbi. Gíláàsì tó nípọn ní lílà kéékèèké tí ojú kò rí lára, gbogbo agbára tí a bá lò fún un á kóra jọ sí ṣónṣó lílà kan ṣoṣo, yóò sì ya án láti orí dé ìdí. Láti ọjọ́ náà, ìbéèrè tí a ń bi nípa ohun líle kì í ṣe “Báwo ló ṣe lágbára tó?” nìkan mọ́. A tún ń béèrè pé, “Báwo ni lílà tó tóbi jù lára rẹ̀ ṣe gùn tó?”

Ẹ wá gbọ́ èyí tó máa ń ya àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi lẹ́nu. Ìkòkò ọbẹ̀ ìyá àgbà kún fún lílà kéékèèké láìmọye, nítorí àpáàdì àti ihò tó wà nínú rẹ̀. Àwo tánganran funfun tó ń dán kò ní irú rẹ̀. Ẹ gbé méjèèjì ka orí ààrò onígi, kí ẹ da omi tútù sí wọn. Tánganran ni yóò fọ́. Lílà kéékèèké tó pọ̀ ń dá ara wọn dúró, kò sí èyí tó ráyè di ńlá.

Kí lẹ fi gba oyè dókítà?

Lórí bí a ṣe lè ti ẹnu lílà pa fúnra rẹ̀. Sèrámíìkì kan wà tó ń jẹ́ zirconia. Bí iná bá kọjá 1,170, ara rẹ̀ á tò lọ́nà kan. Bó bá tutù, á tò lọ́nà mìíràn, á sì wú ní nǹkan bí ìdá 4 nínú 100. Bí kò bá ní àdàlù, wíwú yẹn á fọ́ ọ sí wẹ́wẹ́. Bí a bá fi díẹ̀ lára èròjà kan tó ń jẹ́ yttria sí i, títò àkọ́kọ́ yẹn á dúró bẹ́ẹ̀ títí tó fi tutù, àfi bí nǹkan bá ta á jí. Bí lílà bá ń bọ̀, ṣónṣó lílà náà ló ń ta á jí: ọkà zirconia tó wà lójú ọ̀nà á wú, á sì fún lílà náà lọ́rùn. Ron Garvie àti àwọn méjì mìíràn ní Ọsirélíà ló tẹ̀ ẹ́ jáde ní 1975, wọ́n pè é ní irin inú sèrámíìkì. Èmi da zirconia mọ́ alumina, mo ń wá ìwọ̀n tó yẹ. Ọdún mẹ́rin àti ààbọ̀ ni mo fi ń lọ̀ ọ́, tí mo ń tẹ̀ ẹ́, tí mo ń sun ún, tí mo ń fọ́ ọ. Àwọn onísègùn eyín ń lo zirconia báyìí fún eyín àtọwọ́dá.

Ṣé àwọn baba wa mọ àdàlù irin?

Wọ́n mọ̀ ọ́n dáadáa. Ẹ wo ẹdan Òṣùgbó. Ìda oyin ni asúdẹ fi ń mọ ère ọkùnrin àti obìnrin náà sí orí ọ̀pá irin, á fi amọ̀ bò ó, á gbé e síná kí ìda yọ́ jáde, á wá da idẹ gbígbóná sí àyè tí ìda fi sílẹ̀. Idẹ máa ń yọ́ ní nǹkan bí 900 sí 940, irin kì í yọ́ títí yóò fi dé 1,538. Nítorí náà ọ̀pá irin á dúró gbagidi láàárín, idẹ á sì dì mọ́ ọn.

Ibi tí mo ti rí ọgbọ́n wọn jù ni èéfín. Síńkì máa ń hó di afẹ́fẹ́ ní 907, ìyẹn ni pé ó ti fẹ́ sá lọ kí idẹ tó yọ́ tán. Bí asúdẹ bá jẹ́ kí iná pọ̀ jù, èéfín funfun á bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Idẹ náà á máa pupa sí i bíi bàbà, ẹni tó fa èéfín náà símú á sì gbọ̀n bí ẹni tí ibà ń ṣe lálẹ́. Asúdẹ tó mọṣẹ́ á da idẹ náà kí èéfín tó pọ̀. Kò ní ẹ̀rọ tó ń wọn iná, ojú rẹ̀ ni ẹ̀rọ.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà níbẹ̀ tó wúwo. Láàárín 1505 sí 1508, Duarte Pacheco Pereira, ará Pọ́túgà, kọ ọ́ pé ní ìlú ńlá tó pè ní Geebuu, tí yàrà ńlá yí ká, wọ́n ń ta ẹrú kan ní ẹ̀gbà idẹ 12 sí 15. Ìjẹ̀bú wa ni. Irú ẹ̀gbà bẹ́ẹ̀ wà lára ohun tí àwọn asúdẹ ilẹ̀ wa ń yọ́ ṣe iṣẹ́. Mo fẹ́ràn ẹdan gan-an, n kò sì lè gbàgbé ohun tí wọ́n fi san owó díẹ̀ lára idẹ náà.

Ṣé irin náà máa ń ní àbùkù bíi ti amọ̀?

Ó ní, ṣùgbọ́n tirẹ̀ yàtọ̀. Irin máa ń tẹ̀ kó tó já, nítorí pé àwọn ìlà àìtò kan wà nínú rẹ̀ tó lè rìn. Bí ohun kékeré bá dí wọn lọ́nà, irin á le sí i. Ní 1906, Alfred Wilm ní Jámánì mú àlùmíníọ̀mù tó ní bàbà àti magnesium díẹ̀, ó mú un gbóná, ó rì í sómi, ó wọn líle rẹ̀, ó rọ̀. Nígbà tó padà wọ̀n ọ́n lẹ́yìn ọjọ́ díẹ̀, ó ti le sí i, láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni fọwọ́ kàn án. Wọ́n ń fi irú àdàlù yẹn ṣe ara ọkọ̀ òfuurufú kí ẹnikẹ́ni tó mọ ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú rẹ̀. Ìgbà tó di 1938 ni Guinier ní Faransé àti Preston ní Gẹ̀ẹ́sì, olúkúlùkù lọ́tọ̀, fi àwòrán X-ray rí i pé bàbà ló ń kóra jọ díẹ̀díẹ̀ nínú àlùmíníọ̀mù náà, tó ń dínà. Ọdún 32. Alágbẹ̀dẹ tó ń lu irin lójú kan, ó lóhun tó fẹ́ fà yọ níbẹ̀.

Kí ló dé tí ẹ̀rọ tí mo fi ń rin pákí fi ń tètè dípẹtà?

Ẹ kú iṣẹ́, Ìyá wa. Gàrí Ìjẹ̀bú ni gàrí, kíkan rẹ̀ la fi mọ̀ ọ́n. Pákí tiwa ń pẹ́ nínú àpò kí a tó dín in, omi tó ń kán nínú rẹ̀, ásíìdì ni, ó sì tún ní sáyánáìdì, májèlé inú pákí. Èyí tó bá kù lára ẹ̀rọ lẹ́yìn tí ẹ bá rin pákí tán náà ń kan bẹ́ẹ̀. Irin dúdú tí wẹ́dà fi ṣe ẹ̀rọ yẹn kò lè fara da á. Ẹ wo ojú ibi tí wọ́n fi ìṣó lu páànù náà ní ihò: etí ihò wọ̀nyẹn ló kọ́kọ́ pupa, àbí? Ibi tí irin ti ya, tó sì ti tẹ̀, ibẹ̀ ni ásíìdì ń kọ́kọ́ jẹ. Ìpẹtà yẹn ló ń bọ́ sínú gàrí, òun náà ló ń mú àwọ̀ rẹ̀ ṣú.

Irin tí kì í dípẹtà, tí a ń pè ní stainless, ní kòrómíọ̀mù tó tó ìdá 10.5 nínú 100 ó kéré tán. Harry Brearley ní Sheffield, nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló ṣe irú rẹ̀ ní 1913, tó sì sọ ọ́ di ohun ọjà. Kòrómíọ̀mù yẹn ń hun awọ tín-ín-rín bo irin náà. Bí ẹ bá họ ọ́, á tún hun òmíràn. Ó wọ́n, mo mọ̀. Bí owó kò bá tó, ẹ fi ṣe páànù tí a lù ní ihò àti àtẹ tí pákí ń bọ́ sí nìkan, ìyókù lè jẹ́ irin dúdú tí ẹ kùn lọ́dà. Ẹ sọ fún wẹ́dà pé ọ̀pá ìjórin stainless ni kó fi jó o, torí pé bó bá lo ti irin lásán, ojú ìjórin ni yóò kọ́kọ́ jẹ. Ẹ má sì gba ti ẹni tó bá ní òun fi màgínẹ́ẹ̀tì yẹ̀ ẹ́ wò tán: stainless kan wà tí màgínẹ́ẹ̀tì ń gbá mú. Lálaalẹ́, ẹ fi omi mímọ́ ṣàn án, kí ẹ sì nù ún gbẹ.

Báwo ni mo ṣe máa mọ rọ́ọ̀dù tó dára fún ilé mi?

Ẹ gbé e sórí òṣùwọ̀n. Rọ́ọ̀dù 12 mílímítà gbọ́dọ̀ wọ̀n tó kílò 0.888 ní mítà kan, ìyẹn kílò 10.66 fún odindi tó gùn ní mítà 12. Ti 16 mílímítà jẹ́ nǹkan bíi kílò 19 fún odindi. Bí èyí tí wọ́n pè ní 12 bá wọn kílò 8, ẹ ti san owó irin tí ẹ kò rà, òpó ilé yín ni yóò sì san ìyókù.

Ìwọ̀n nìkan kò tó, àmọ́ òun ni ẹ lè ṣe fúnra yín. Lẹ́yìn náà, ẹ ní kí àwọn tó ń tẹ irin tẹ ọ̀kan, kí ẹ wo ẹ̀yìn ibi tó tẹ̀. Bó bá là, ẹ dá a padà. Púpọ̀ nínú rọ́ọ̀dù tí wọ́n ń ṣe ní ilẹ̀ wa, títí kan ti ọ̀nà Ògìjo, àlòkù irin ni wọ́n yọ́. Kò sí ohun tó burú nínú yíyọ́ àlòkù. Wàhálà rẹ̀ ni wáyà bàbà tó bá bá irin ọkọ̀ wọlé: bàbà tó bá ti wọ inú irin, iná kì í lè lé e jáde mọ́, ó sì ń mú kí irin là nígbà tí wọ́n bá ń fà á ní gbígbóná. Kí wọ́n ṣa bàbà kúrò kí irin tó wọ ìléru ni àtúnṣe rẹ̀, ọwọ́ ènìyàn ló sì ń ṣe é.

Bátìrì tí wọ́n ń yọ́ níbẹ̀ ńkọ́?

Òjé ni. Ní 327 péré ló ń yọ́, ẹnikẹ́ni tó ní igi àti agolo lè yọ́ ọ, ìyẹn ni ewu rẹ̀. Eruku rẹ̀ ń ba ọpọlọ ọmọdé jẹ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni yọ́ bátìrì lẹ́yìnkùlé yín, iye yòówù kó fẹ́ san.

Ṣé sèrámíìkì ni símẹ́ńtì Ṣàgámù?

Bẹ́ẹ̀ ni. Òkúta ẹfun ibẹ̀ àti amọ̀, tí a sun dé nǹkan bí 1,450, tí a wá lọ̀.

Kí ló le jù nínú iṣẹ́ náà?

Iná. Ní ilé-ẹ̀kọ́ kan tí mo ti ṣiṣẹ́ rí, mo ti fi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tẹ ègé alumina 24. Ìléru ń gòkè lọ sí 1,550, ibẹ̀ ló sì yẹ kó dúró fún wákàtí méjì. Kò tíì dúró ju ogún ìṣẹ́jú lọ tí iná fi lọ. A ti kọ̀wé béèrè dísù fún jẹnẹrétọ̀ láti oṣù tó ṣáájú, ẹnikẹ́ni kò dáhùn. Lọ́jọ́ kejì mo kó wọn jáde, wọ́n funfun, wọ́n sì rẹwà lójú. Mo kán omi kan sórí ọ̀kan, omi náà wọlé ṣìì, ojú rẹ̀ gbẹ. Wọn kò jinná. Mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ níwájú ìléru náà fún ìgbà pípẹ́. Ìyanṣẹ́lódì àwọn olùkọ́ yunifásítì ní 2022 gba oṣù mẹ́jọ, ó sì bá ọ̀pọ̀ akẹ́kọ̀ọ́ lẹ́nu irú iṣẹ́ bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ wọṣẹ́ yìí níbí, kó ti mọ̀ pé òun máa tún iṣẹ́ kan ṣe lẹ́ẹ̀mẹta.

Kí ni ọmọ mi máa kà, níbo?

Físíìsì, Kẹ́mísírì, Ìṣirò àti Gẹ̀ẹ́sì, kó mọ Ìṣirò gan-an. OAU ní Ilé-Ifẹ̀, UNILAG àti FUTA ní Àkúrẹ́ ń kọ́ ẹ̀kọ́ náà, ọdún márùn-ún ni. Bí kò bá fẹ́ jìnnà sílé, kó ka Físíìsì tàbí Kẹ́mísírì ní OOU, ní Agọ́-Ìwòyè, kó wá yà sí i nígbà oyè kejì. Ọ̀pọ̀ nínú wa ló gba ọ̀nà bẹ́ẹ̀. Tó bá parí, kì í ṣe yunifásítì nìkan ni iṣẹ́ wà. FIIRO, ilé ìwádìí ìjọba àpapọ̀ fún iṣẹ́ ilé-iṣẹ́, wà ní Oṣòdì láti 1956, ilé-iṣẹ́ símẹ́ńtì, ti táìlì, ti gíláàsì àti ti rọ́ọ̀dù sì nílò ẹni tó lè sọ ìdí tí ọjà wọn fi ń fọ́. Owó yunifásítì kò pọ̀, n kò ní tàn yín.

Ṣé obìnrin lè ṣe é?

Ta ló ń mọ ìkòkò nílẹ̀ wa? Ladi Kwali, amọ̀kòkò tí àwòrán rẹ̀ wà lẹ́yìn owó 20 náírà, obìnrin ni. Ìyá àgbà mi, obìnrin ni. Èmi tí mò ń kọ èyí, obìnrin ni mí.

Ṣé dandan ni kí èèyàn lọ òkè òkun?

Kì í ṣe dandan, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ wà níbẹ̀. Ẹ̀rọ tó ń fi ọkà inú irin hàn ní ìlọ́po ẹgbẹẹgbẹ̀rún wọ́n nílé, a sì ń fi ègé iṣẹ́ ránṣẹ́ síta, a ń dúró. Ohun tí mo fẹ́ ni kí ẹni tó lọ rántí ọ̀nà ilé. Winston Soboyejo, onímọ̀ nípa ohun èlò bíi tèmi, kẹ́kọ̀ọ́ gboyè dókítà ní Cambridge, ó kọ́ni ní Princeton, síbẹ̀ ó wá ṣe olórí African University of Science and Technology ní Àbújá. Irú rẹ̀ ni mo ń sọ.

Kí lẹ wá ń ṣe lọ́wọ́ báyìí?

Mo ti padà sí ìkòkò. Mò ń gba amọ̀ láti etí odò tí ìyá àgbà ti ń wa amọ̀, mò ń dà á pọ̀ mọ́ àpáàdì gígún ní oríṣiríṣi ìwọ̀n, mò ń sun ún, mò ń rì í sómi tútù ní gbígbóná, mo sì ń ka iye ìgbà tó fara dà á kó tó là. Eérú èèpo ìrẹsì náà wà nínú rẹ̀, torí pé ó kún fún sílíkà, ohun kan náà tó wà nínú yanrìn. Ìléru kékeré tó ń sun igi, tó ń mú irin àlòkù gbóná fún àwọn alágbẹ̀dẹ wa, ni mo fẹ́ kí bíríkì rẹ̀ wúlò fún, kí wọ́n má máa ra èyí tó ti òkè òkun wá. N kò tíì débẹ̀. Ìyá àgbà kò kọ ìwọ̀n tiwọn sílẹ̀, ẹ̀kúnwọ́ ni wọ́n fi ń wọ̀n ọ́n. Ẹni tó bá ní àpáàdì ìkòkò àtijọ́ nílé, ní Igbó, ní Òrù tàbí ní Agọ́, kó má dà á nù. Kó bá mi tọ́jú rẹ̀, kó sì sọ ilé tó ti wá fún mi.